Kóòdù àìsàn kò lè mọ ohun tí dókítà kò kọ

Títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ikọ́ kan ṣoṣo ni ìwé kóòdù àìsàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀. Ẹni tó ń wúkọ́ láti àná àti ẹni tó ti ń wúkọ́ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, R05 ni wọ́n ń kọ fún àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, R05 lásán kò ṣe é lò mọ́. Wọ́n ti pín in: R05.1 fún ikọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, R05.2 fún èyí tó ti ń pẹ́ díẹ̀, R05.3 fún èyí tó ti di bárakú, àti àwọn mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn ríro bá a lọ lọ́jọ́ kan náà: M54.5 tí gbogbo kíliníìkì ti mọ̀ sórí kógbá sílé, M54.50, M54.51 àti M54.59 jókòó sípò rẹ̀. Orí fífọ́ ti ṣáájú wọn ní ọdún 2020. Nínú gbogbo èyí, kò sí àìsàn kankan tó yí padà lára ènìyàn. Ìbéèrè tí ìwé ń bi dókítà ló yí padà: ikọ́ yìí, láti ìgbà wo? Ẹ̀yìn yìí, kí ló ń fà á? Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọdọọdún ni àyípadà yìí ń dé, ọdọọdún ni àwọn ilé ìwòsàn sì ń múra sílẹ̀ fún un, àmọ́ ọ́fíìsì ìgbowó ni wọ́n sábà máa ń fi ìmúrasílẹ̀ náà sí. Àwọn tó ń kọ kóòdù ni wọ́n ń rán lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọwọ́ dókítà tó rí aláìsàn ni ìdáhùn wà. Yàrá dókítà ló yẹ kí ìmúrasílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ló ni àkójọ orúkọ àìsàn tí gbogbo ayé ń lò. Amẹ́ríkà mú ẹ̀dà kẹwàá rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì pè é ní ICD-10-CM; kóòdù inú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn ń kọ sínú ìwé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí adójútòfò. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un láti 2013 sí 2014, tí wọ́n tún sún un sí 2015. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí kóòdù 14,000. Tuntun yìí wọlé pẹ̀lú nǹkan bí 70,000. Láti 2016, kò tíì sí oṣù Kẹwàá kan tó dé tí kò mú àyípadà lọ́wọ́. Ní 2022, kóòdù tuntun 1,176 ló wọlé. Ní 2023, 395. Ní 2024, 252. Ní 2025, 487. Bí àwọn kan ṣe ń wọlé ni àwọn kan ń jáde, wọ́n sì ti fi ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin kún ọjọ́ tí nǹkan lè yí. Ìgbìmọ̀ tí ẹ̀ka ìṣirò ìlera àjọ CDC àti àjọ CMS tó ń bójú tó Medicare, adójútòfò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, jọ ń darí máa ń jókòó ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án láti gbọ́ tẹnu àwọn tó ń béèrè kóòdù tuntun. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, àkójọ oṣù Kẹwàá ti máa ń wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Nígbà kan rí, wọ́n máa ń fún àwọn ilé ìwòsàn ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn àyípadà kí ojú wọn tó là. Láti oṣù Kẹwàá 2004 ni àánú yẹn ti dópin. Ní kíliníìkì, ọjọ́ tí dókítà rí aláìsàn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó wá ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, kóòdù àtijọ́ ni tirẹ̀, ì báà jẹ́ oṣù Kọkànlá ni ìwé owó rẹ̀ jáde. Ẹni tó wá lọ́jọ́ kejì, kóòdù tuntun. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ogun yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọjọ́ tó ń bọ̀, síbẹ̀ àwọn tó ní ẹsẹ̀ méjì ló ń bá nínú ilé lọ́dọọdún.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi le fún kíliníìkì tí aláìsàn ti ń wá tó ń padà sílé ju wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń sùn lọ? Ìlànà ìkọ kóòdù fúnra rẹ̀ ló fà á. Bí wọ́n bá dá ènìyàn dúró sí ọsibítù, tí dókítà sì kọ ọ́ nígbà tó ń lọ sílé pé “ó jọ òtútù àyà”, ìlànà gbà kí wọ́n kọ kóòdù òtútù àyà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá wá sí kíliníìkì, tí dókítà kọ “ó jọ”, “bóyá” tàbí “a ń fura sí”, ìlànà kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ kóòdù àìsàn tí wọ́n ń fura sí. Ohun tó mú aláìsàn wá nìkan ni wọ́n lè kọ: ikọ́, ibà, àyà dídùn, mímí gúlegúle. Ìdí rẹ̀ dára, nítorí pé orúkọ àìsàn tí wọ́n bá fi àfura lẹ̀ mọ́ ènìyàn kì í tètè kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ga lẹ́ẹ̀kan, R03.0 ni kóòdù rẹ̀. Kò tíì di ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, I10, àfi bí dókítà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti yọ jẹjẹrẹ rẹ̀ kúrò tán, tí kò gba ìtọ́jú kankan fún un mọ́, abẹ́ Z85 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí, pé ó ti ní i rí. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé àmì àìsàn ni oúnjẹ òòjọ́ kíliníìkì. Nígbà tí wọ́n bá pín kóòdù ikọ́, ti ẹ̀yìn ríro tàbí ti orí fífọ́ sí wẹ́wẹ́, kíliníìkì ni ọ̀kọ̀ náà ń kọ́kọ́ bá. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ẹ̀gbẹ́ ìhà dídùn náà gba kóòdù tirẹ̀, ìwé sì fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Kò sí ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì ìgbowó tó lè dáhùn ìyẹn fún un.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, E66.8, tí wọ́n ń kọ fún àwọn oríṣi ìsanrajù tí kò ní ibòmíràn láti bọ́ sí, kò lè dá dúró mọ́. Wọ́n fi ìpele mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: E66.811 fún ìpele kìíní, E66.812 fún ìkejì, E66.813 fún ìkẹta. Ìṣirò BMI, tó ń fi ìwúwo ènìyàn wé gíga rẹ̀, ni àwọn dókítà fi ń pín àgbàlagbà sí ìpele wọ̀nyí: 30 títí kó tó pé 35 ni ìkìíní, 35 títí kó tó pé 40 ni ìkejì, 40 sókè ni ìkẹta. Ká sọ pé obìnrin kan wá sí kíliníìkì. Nọ́ọ̀sì wọn ìwúwo rẹ̀, ó wọn gíga rẹ̀, kọ̀ǹpútà ṣírò 41. Dókítà wọlé, ó bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti eré ìdárayá, ó kọ oògùn fún un, ó kọ “ìsanrajù” sínú ìwé, ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìwé dé ọwọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù. Ó rí 41, ó mọ̀ pé ìpele kẹta ni, kò sì lè kọ ọ́. Ìlànà gbà kí ó mú nọ́ńbà BMI látinú ohun tí nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ oúnjẹ kọ, ṣùgbọ́n àìsàn náà fúnra rẹ̀, ẹni tó tọ́jú aláìsàn ló gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló kù fún un. Yálà kó kọ E66.9, ìsanrajù tí wọn kò ṣàlàyé, tàbí kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí dókítà, kí dókítà tó ti rí ogún ènìyàn mìíràn láti ìgbà náà máa ronú kan ẹni tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré, “ìpele kẹta”, ni ì bá ti yanjú gbogbo rẹ̀ nígbà tí aláìsàn ṣì wà lórí àga. Ẹ rán akọ̀wé yẹn lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní lè kọ ọ̀rọ̀ méjì náà.

Fún àwa ọmọ Yorùbá, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ egungun ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn náà jù lọ láyé. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CDC fojú bù ú pé àwọn tó ní in tó nǹkan bí 100,000, àti pé ó ń bá ọ̀kan nínú nǹkan bí ọmọ 365 tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń bí níbẹ̀. Abẹ́ D57 ni kóòdù rẹ̀ wà. Ìyá tó ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wíwú, tó sábà máa ń wà lára àmì tó kọ́kọ́ ń hàn lára ọmọ ọwọ́. Àmì tí gbogbo ìyá mọ̀ yìí kò ní kóòdù tirẹ̀ lábẹ́ D57 títí di oṣù Kẹwàá 2023, nígbà tí D57.04 wọlé fún un nínú ẹ̀yà SS, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Ní 2020, D57.03 ti wọlé fún èyí tó bá kan iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ. Bó bá jẹ́ “sickle cell crisis” nìkan ni dókítà kọ, D57.00 ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí, ìyẹn ìrora tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé. Orúkọ ọmọ wà nínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ tó wú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọmọ tí àmì yìí ń yọ lẹ́nu, ọdún tó ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn, tàbí oògùn tó ń dín in kù, kóòdù ni yóò kọ́kọ́ wá nínú àkọsílẹ̀, kò sì ní rí ọmọ yìí. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ kóòdù kò ju ọ̀rọ̀ owó adójútòfò lọ gbójú fo ibí yìí. Kóòdù ni wọ́n fi ń ka ènìyàn. Àìsàn tí wọn kò kà, ó ṣòro kí wọ́n ná owó lé e lórí.

Àwọn kan yóò ní kí ló kan dókítà nínú èyí, ṣebí sọ́fítíwíà ń yí ara rẹ̀ padà. Òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ tó ta sọ́fítíwíà fún kíliníìkì yóò kó àkójọ tuntun sínú rẹ̀, yóò sì yọ èyí tó ti kú. Iṣẹ́ tó lè ṣe parí síbẹ̀. Ó lè gbé ìbéèrè síwájú dókítà, àmọ́ dókítà tó ń sáré yóò tẹ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, bó bá sì jẹ́ “tí wọn kò ṣàlàyé” ló wà lókè, ìyẹn náà ni yóò tẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kóòdù àtijọ́ máa ń sá pamọ́ sí ibi tí àyípadà kì í tètè dé: àkójọ tí dókítà kó jọ fún ìrọ̀rùn ara rẹ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ ní oṣù Kẹjọ fún ẹni tí kò ní lọ ṣe é títí di oṣù Kẹwàá. Ilé àyẹ̀wò gba ẹ̀jẹ̀, adójútòfò dá ìwé padà, aláìsàn bá ìwé gbèsè nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀, kò sì mọ ohun tó ṣẹ̀. Ẹ̀rọ AI tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárín dókítà àti aláìsàn kó lè bá wọn kọ ìwé náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ló lè kọ. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè pé ikọ́ náà ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó, ẹ̀rọ kò ní gbọ́ ìdáhùn. Bó bá sì kọ ohun tí kò gbọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àṣìṣe, ó ti di irọ́.

Àtakò tàwọn dókítà fúnra wọn wúwo ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ìwé ti gba àkókò tó yẹ kí àwọn fi wo ojú aláìsàn, pé kò bójú mu kí wọ́n tún ní kí àwọn há kóòdù 487 sórí. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí èyí àkọ́kọ́. Ní ti ìkejì, kò sẹ́ni tó yẹ kó há kóòdù sórí. Kíliníìkì àwọn ọmọdé kò nílò ohun tó yí padà nínú àìsàn egungun àgbàlagbà, oníṣègùn ojú kò sì nílò ti ikọ́. Ohun tó yẹ ni pé ní oṣù Keje, kí ọ́fíìsì tẹ àádọ́ta orúkọ àìsàn tí kíliníìkì náà kọ jù láti ọdún tó kọjá jáde, kí wọ́n gbé e ka iwájú àkójọ tuntun. Àwọn tó pàdé ara wọn kì í pọ̀. Kí wọ́n kọ ìbéèrè tí ìyípadà kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí ojú ewé kan ṣoṣo, ní èdè dókítà láìfi nọ́ńbà sí i: láti ìgbà wo, ọ̀tún àbí òsì, ìpele wo, kí ló fà á. Ní oṣù Kẹjọ, kí ìbéèrè náà wọ inú fọ́ọ̀mù tí dókítà ń kọ, kí wọ́n sì wá àwọn kóòdù tó sá pamọ́ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án, kí dókítà máa kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti di dandan, kí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kọkànlá, kí wọ́n yẹ ìwé owó tí adójútòfò dá padà wò, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún dókítà tó kọ ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ojú ewé kan ní oṣù Keje kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè tí akọ̀wé ń fi ránṣẹ́ léraléra láti oṣù Kẹwàá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dín iṣẹ́ ìwé dókítà kù gan-an, ibí yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kóòdù “tí wọn kò ṣàlàyé” ṣì ń gbowó, ìlànà sì fàyè gbà á. Wọ́n jàre dé ààyè kan. Ìlànà sọ ọ́ gbangba pé kí dókítà kọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé lọ́jọ́ náà, pé kò gbọdọ̀ mú kóòdù tí àkọsílẹ̀ kò gbè lẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò tí aláìsàn kò nílò nítorí àtirí kóòdù tó ṣe pàtó. Ẹni tó wá pẹ̀lú àyà dídùn, tí ìdí rẹ̀ kò tíì hàn, àyà dídùn náà ni kó bá a padà sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí dókítà má mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kó mọ̀ kó má kọ. Ìkìíní jẹ́ òtítọ́ ìṣègùn. Ìkejì, aláìsàn ló ń jìyà rẹ̀, nítorí pé dókítà tó máa rí i lẹ́yìn èyí yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015. CMS fún àwọn dókítà ní oṣù 12: níwọ̀n ìgbà tí kóòdù bá ti wá láti ìdílé tó tọ́, Medicare kò ní tìtorí pé kò ṣe pàtó tó kọ̀ láti sanwó fún dókítà. Oṣù Kẹwàá 2016 ni oore náà parí. Ẹni tó ń fi kóòdù aláìṣàlàyé jẹun lónìí ń gbé lórí sùúrù adójútòfò, kò sì mọ ọjọ́ tí sùúrù náà máa tán.

Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni ti owó. Nínú ètò Medicare Advantage, ìjọba ń sanwó fún iléeṣẹ́ adójútòfò lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan, bí àìsàn tó wà lórúkọ onítọ̀hún bá sì ṣe wúwo tó ni owó náà ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, àwọn kan ń bẹ̀rù pé kí a máa rọ dókítà láti kọ̀wé kíkún kò yàtọ̀ sí kí a ní kó máa di àìsàn lé ènìyàn lórí. Ẹ̀rù náà kò ṣàì nídìí. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà ti gbé àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò lọ sí kóòtù lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú òfin tó lòdì sí fífi irọ́ gbowó ìjọba, òfin kan tó ti wà láti 1863, nígbà ogun abẹ́lé wọn. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ń wáyé. Ibi tí kóòdù ti ju ìwé lọ ni: kóòdù ń sọ àìsàn kan, àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà kò sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò tàbí tọ́jú rẹ̀. Ìlànà kíliníìkì ní àìsàn tó wà nígbà ìbẹ̀wò náà, tó sì gba ìtọ́jú tàbí tó nípa lórí ìtọ́jú, ni kí wọ́n kọ. Dókítà tó kọ ohun tó rí, ohun tó rò àti ohun tó ṣe kò fún ayédèrú ní ààyè. Ìwé tí kò kún ni ọlọ́gbọ́n àyínìke ń wá, nítorí pé àlàfo inú rẹ̀ ló ń rí dí. Bí ìmúrasílẹ̀ bá wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbowó nìkan, owó ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn, ó ṣeé ṣe kí òtítọ́ ìtọ́jú ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nìkan kọ́ ni èyí. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, láti ìdí nọ́ọ̀sì títí dé ìdí kóòdù, àwọn òbí wọn sì wà lára àwọn tí ìwé gbèsè ń bá nílé. Ní Nàìjíríà, òfin NHIA tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Bí ètò náà bá ṣe ń gbilẹ̀ ni ìbéèrè nípa ohun tí dókítà kọ yóò máa le sí i, pàápàá nísinsìnyí tí WHO ti gbé ẹ̀dà kọkànlá àkójọ orúkọ àìsàn jáde fún lílò láti oṣù Kìíní 2022. Ẹ̀kọ́ tí Amẹ́ríkà fi owó ńlá kọ́ wà níwájú wa lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé kí ẹ tó ra sọ́fítíwíà tó máa ka ohun tí wọ́n kọ. Ní ti àwọn ọ̀gá kíliníìkì tí oṣù Kẹwàá ń dúró dè ní Amẹ́ríkà, ìdánwò kan wà tí kò gba owó. Ní ìparí oṣù Keje, kí wọ́n pe dókítà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n bi í pé nínú àwọn àìsàn tó ń rí jù, èwo ni ìbéèrè rẹ̀ máa yí padà lọ́dún yìí, kí sì ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ aláìsàn tí kò béèrè tẹ́lẹ̀. Bí dókítà bá ní kí wọ́n lọ bi ọ́fíìsì ìgbowó, kíliníìkì náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀.